Ẹ̀rọ Blu-ray tòkunbọ̀: àwòrán rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́, àmọ́ kò gba VCD

Ibi tó ti dùn mí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú. Ẹ̀rọ Blu-ray yìí, tó ń gbé àwo fíìmù tí àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ti DVD lọ, kì í gba VCD, ìyẹn síídì fíìmù. Bí ẹ bá ní fíìmù Yorùbá àtijọ́ nílé, àwọn tí wọ́n ń tà ní Ìdúmọ̀tà àti Alábà nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò ń kógbá sílé, ẹ ka ọ̀rọ̀ mi tán kí ẹ tó yọ owó. Mo ti VCD bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó yí i yí i, ó ní òun ò lè kà á. Mo fi òmíràn sí i, ohun kan náà ló sọ. Mo kó wọn lọ sínú DVD kékeré kan tó ti wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n wa tipẹ́, tí rìmóòtù rẹ̀ ti sọnù pàápàá, ló bá gbé gbogbo wọn láìjanpata. N ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe Blu-ray náà, torí kì í ṣe tiwọn nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀! Ẹ fi àwo Blu-ray gidi sí i, kí ẹ fi wáyà HDMI so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹ ó rí òógùn níwájú orí òṣèré ní ẹ̀kán ẹ̀kán, ẹ ó rí òwú lára aṣọ tó wọ̀. Àwòrán VCD jẹ́ pixel (àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 352 ní ìbú, 288 ní òró. DVD jẹ́ 720 sí 576, bí ìlọ́po mẹ́rin ìyẹn. Blu-ray jẹ́ 1920 sí 1080, tó jẹ́ ìlọ́po márùn-ún DVD, tó sì tó ogún VCD. Ẹni tí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ kéré lè má fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ DVD sí Blu-ray. Bí tẹlifíṣọ̀n bá ti fẹ̀, ọmọdé inú ilé á mọ̀ ọ́n.

Àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sì ju ara wọn lọ o, sẹ̀ǹtímítà 12 ni gbogbo wọn. Iná léésà tó ń kà wọ́n ló yàtọ̀. Inú síídì tí Philips àti Sony gbé jáde fún orin lọ́dún 1982 ni VCD ti jáde. Iná tí ìgbì rẹ̀ gùn tó 780 nánómítà ló ń kà á, ojú èèyàn ò lè rí i. Nígbà tí wọ́n ṣe ìlànà VCD lọ́dún 1993, ńṣe ni wọ́n fún àwòrán pọ̀ títí ìṣẹ́jú 74 fi lè wọ inú síídì kan. Ẹ wá rí ìdí tí fíìmù wákàtí méjì kì í fi í wọ inú ẹyọ kan. DVD dé ọjà Japan lọ́dún 1996, iná pupa 650 nánómítà ló ń lò, ó ń gba gígábáìtì 4.7, tàbí 8.5 bó bá jẹ́ onípele méjì. Blu-ray tẹ̀ lé e lọ́dún 2006 pẹ̀lú iná búlúù 405 nánómítà, gígábáìtì 25 sì ni ìpele kan rẹ̀. Bí ìgbì iná náà bá ṣe ń kúrú sí i ni ojú rẹ̀ ṣe ń tín-ín-rín sí i, tí wọ́n á sì lè kọ nǹkan wínníwínní súnmọ́ ara wọn. Toshiba ní HD DVD tirẹ̀, tó fẹ́ fi bá Blu-ray du ipò. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2008, ó jọ̀wọ́ ọjà. Kí gbogbo èyí tó dé, LaserDisc, àwo fíìmù kan tí léésà ń kà, ti wà ní Amẹ́ríkà láti 1978, ó fẹ̀ tó àwo rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn bàbá wa.

Ohun tó wù mí jù lára ẹ̀rọ yìí, yàtọ̀ sí àwòrán, ni pé ìlú Ọba ló ti wá. Ẹnu wáyà rẹ̀ bá sọ́kẹ́ẹ̀tì wa mu, iná wa náà ló ń lò, a ò wá step-down kiri bíi ti ẹrù Amẹ́ríkà. Agbègbè rẹ̀, ìyẹn apá ayé tí ẹ̀rọ ń gba àwo rẹ̀, náà rọrùn. Blu-ray pín ayé sí A, B àti C, inú B kan náà ni Áfíríkà àti Yúróòpù wà. DVD ló ń dani láàmú: Nàìjíríà wà ní agbègbè 5, ìlú Ọba wà ní 2, Amẹ́ríkà wà ní 1. Àbúrò mi tó wà ní Houston fi àwọn àwo kan ránṣẹ́ sí mi, DVD àti Blu-ray. Ẹ̀rọ yìí lé gbogbo wọn dànù. VCD ò ní irú ìyọnu bẹ́ẹ̀, kò sí agbègbè kankan nínú rẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi gbà pé òun ló bá wa lára mu jù, bí àwòrán rẹ̀ tilẹ̀ ṣú.

Àwọn DVD tí wọ́n kó fíìmù rẹpẹtẹ sí lójú kan, ẹ má retí pé Blu-ray á tún wọn ṣe. Gígábáìtì 4.7 náà ni wọ́n pín láàárín gbogbo fíìmù ọ̀hún. Ẹ̀rọ á fẹ àwòrán náà lóòótọ́, ojú òṣèré á kàn di onígun mẹ́rin mẹ́rin ni.

Fún VCD, ẹ̀rọ náà ní ihò fláàṣì, ibẹ̀ ni mo gbà. Bí ẹ bá fi VCD sínú kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí fódà MPEGAV, ẹ ó rí fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .DAT. Ẹ dà á sórí fláàṣì, kí ẹ sọ .DAT náà di .mpg. Ó ṣiṣẹ́ fún mi, àyàfi àwọn tí ẹ̀yìn wọn ti ń bó. Mo gbé ọ̀kan nínú wọn sókè sí gílóòbù, mo rí ihò tíntìntín tí iná ń gbà kọjá. Abẹ́ ibi tí wọ́n ya àwòrán sí gan-an ni ohun tí wọ́n kọ sórí síídì wà, tó bá ti bó, ó ti lọ nìyẹn. Ti DVD wà láàárín ike méjì. Ti Blu-ray ò jìn ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà lọ sísàlẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi da nǹkan líle bo ojú rẹ̀. Bí ẹ bá máa nu èyíkéyìí, ẹ nù ún láti àárín jáde sí etí. Ẹ má nù ún yípo, torí bí nǹkan bá ha á lọ́nà yẹn, ojú ọ̀nà kan náà tí léésà ń tọ̀ ló máa bàjẹ́ lọ gbọọrọ.

Ó ń pẹ́ kó tó ṣí, èyí ò yọ mí lẹ́nu. Kò gba àwo 4K, tí àwòrán rẹ̀ tún mọ́ ju ti Blu-ray yìí lọ, tó jáde lọ́dún 2016, èmi náà ò ní ọ̀kankan. Fíìmù Yorùbá lórí Blu-ray, n ò tíì rí i lọ́wọ́ àwọn tí mo ń bá rajà.

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa máa rà, torí Samsung ti jáwọ́ nínú ṣíṣe Blu-ray tuntun fún Amẹ́ríkà láti 2019. Ẹ mú àwo tiyín dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, DVD kan àti Blu-ray kan, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ fún B. Ẹ jẹ́ kó gbé méjèèjì lójú yín. Òǹtajà á sáré fi DVD dán an wò fún yín, á ní ṣebí ẹ rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Iná pupa nìyẹn. Bí kò bá ka Blu-ray, iná búlúù rẹ̀ lè ti kú, ẹ gbé e padà fún un.