Mo Ra Franchise Jíìmù ní Houston: Ẹ Béèrè Owó Àtúnṣe Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Síwèé

Àwọn tó ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí àwọn náà ra franchise jíìmù (ìyẹn kéèyàn ṣí jíìmù tiẹ̀ lábẹ́ orúkọ àti ìlànà ilé iṣẹ́ ńlá kan, kó sì máa sanwó fún wọn) ti pọ̀, pàápàá àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà lára àwọn èèyàn wa níbí tí wọ́n ti kówó díẹ̀ jọ, tí wọn ò sì fẹ́ fi ṣí ilé ìtọ́jú arúgbó bíi ti gbogbo ayé. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Jíìmù tèmi wà lápá Katy, ní ìwọ̀-oòrùn Houston. Tọ̀sán-tòru ló ń ṣí, káàdì ni wọ́n fi ń wọlé tílẹ̀ bá ti ṣú. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó ni orúkọ tí mo gbé sára ògiri. Àwọn olórúkọ ni màá máa pè wọ́n, torí mo ṣì wà lábẹ́ àdéhùn wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ dáadáa wọn. Ohun tí mo torí ẹ̀ sanwó níbẹ̀rẹ̀, wọ́n fún mi. Wọ́n bá mi yẹ ibi tí mo fẹ́ lò wò, wọ́n sì ní kí n fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ torí pé ọkọ̀ ò ráyè yà wọ ọgbà rẹ̀ láti òpópónà. Nígbà tí àwọn bíríkìlà ṣì wà nínú ilé, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe máa tẹ́ tábìlì síwájú ṣọ́ọ̀bù, tí a ó máa forúkọ èèyàn sílẹ̀. Kí ilẹ̀kùn tó ṣí, owó oṣooṣù tó ń wọlé ti ń sún mọ́ iye rẹ́ǹtì. Èmi nìkan ò lè ṣe ìyẹn láéláé. Ta ni yóò fi nọ́ńbà báńkì ẹ̀ sílẹ̀ fún ọkùnrin kan tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bíi tèmi níwájú ilé tí kò tíì ní òrùlé inú? Orúkọ ara ògiri ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Bí wọ́n ṣe ń gba owó náà dáa: fúnra ẹ̀ ló ń kúrò ní báńkì àwọn èèyàn lóṣooṣù, ẹni tí tiẹ̀ ò bá sì gbà, àwọn mìíràn ló ń lé e, kì í ṣe èmi.

Owó tí èmi náà ń san fún wọn lóṣooṣù, ìṣákọ́lẹ̀ ni mo ń pè é. Èmi ni mò ń roko, àmọ́ onílẹ̀ gbọ́dọ̀ rí isu tiẹ̀. Ẹ fi í sọ́kàn pé orí owó tó wọlé ni wọ́n ti ń gé e, kì í ṣe orí èrè. Bí ẹ̀rọ amúlétutù bá fi owó iná kó gbogbo èrè yín lọ nínú ooru oṣù kẹjọ Texas, ìdá tiwọn ò dín. Owó ìpolówó tún wà lọ́tọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn wà tó jẹ́ iye kan pàtó ni wọ́n ń gbà lóṣù, ọjà tà, ọjà ò tà. Ìyẹn rọrùn fún ẹni tí tiẹ̀ ń tà, ó ń pa ẹni tí tiẹ̀ ò tà.

Ibi tí wàhálà wà ni àtúnṣe, òun gan-an ni mo torí ẹ̀ jókòó kọ̀wé.

Nínú àdéhùn mi, ó wà níbẹ̀ pé wọ́n lè ní kí n pààrọ̀ àwọn ẹ̀rọ ìsáré àti kẹ̀kẹ́ tọ́jọ́ orí wọn bá ti pé, kí n pààrọ̀ àwọn ẹ̀rọ irin lẹ́yìn náà, kí gbogbo ilé sì bá àwòrán tuntun tí wọ́n bá yà mu. Mo kà á. Lọ́yà mi kà á. Iye owó tí yóò gbà ni ìwé ò sọ. Ọjọ́ orí ẹ̀rọ, lórí kàlẹ́ńdà ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe lórí iye wákàtí tó fi sáré. Nígbà kòrónà ní 2020, wọ́n ti ilé wa pa láti oṣù kẹta, ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún ni gómìnà Texas tó gbà kí jíìmù ṣí, ìyẹn náà pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́rin èrò péré. Gbogbo àsìkò yẹn, àwọn ẹ̀rọ mi sinmi, síbẹ̀ wọ́n kà á mọ́ ọjọ́ orí wọn.

Nígbà tí lẹ́tà dé, ẹ̀rọ ìsáré wa ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọmọ Vietnam tó ń bá wa tún wọn ṣe sọ fún mi pé belt (awọ téèyàn ń sáré lé lórí) àti pákó abẹ́ ẹ̀ ló máa ń jẹ: tí a bá pààrọ̀ méjèèjì, tí a sì fẹ́ eruku kúrò lára mọ́tò, yóò tún sáré fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn olórúkọ. Èsì wọn ni pé kì í ṣe pé ó bàjẹ́, ojú ẹ̀ ló ti gbó. Ẹ̀rọ ìsáré tuntun tó tó ti jíìmù, ọ̀kan ṣoṣo lè gbà tó 10,000 dọ́là. Ẹ wá ṣírò odindi ìlà kan.

Ẹ ò sì lè lọ dúnàádúrà níbi tó wù yín. Ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n bá fọwọ́ sí nìkan lẹ ti lè rà. Nínú ìwé àlàyé tí òfin FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òwò, ní kí wọ́n fún ẹni tó fẹ́ ra franchise, ó kéré tán ọjọ́ 14 kó tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ìpín 23 ló wà níbẹ̀. Orí Item 7 (ìpín keje) ni ojú gbogbo èèyàn máa ń wà, torí ibẹ̀ ni owó ìbẹ̀rẹ̀ wà. Ẹ lọ sí Item 8. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ sọ bóyá àwọn náà ń rí owó lórí ohun tí wọ́n ń fi dandan ní kí ẹ rà. Tẹ́ ẹ bá ka ìyẹn tán, ẹ óò mọ ìdí tí ojú ẹ̀rọ fi máa ń tètè gbó.

Owó àtúnṣe náà ò ṣòro fún mi láti yá, torí ẹ̀yáwó SBA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ran okòwò kéékèèké lọ́wọ́, wà, báńkì mi sì mọ̀ mí. Àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní 20% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú okòwò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé òun fúnra òun á san án. Ìyàwó mi ní ìdajì. Ó ka ojú ewé yẹn títí, ó wá ní, “Bàbá Tòní, tí jíìmù bá kú, gbèsè ò kú nìyẹn?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fọwọ́ sí i, àmọ́ ó ní láti ọjọ́ náà lọ, òun ni yóò máa wo àkáǹtì. Ó sì ń wò ó.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kúrò, ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ wọn: rọ́bà irun, ìdajì earbud, owó ẹyọ, àti eruku dúdú tó ń já lára belt, tó nípọn débi pé ìgbálẹ̀ ò ràn án. Ìyẹn rọrùn. Rọ́bà ilẹ̀ ló kó wa sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Ibi tí ẹ̀rọ ti dúró sí ṣì dúdú kirimú, àmọ́ gbogbo ibi tí oòrùn ń gba ojú gíláàsì wọlé sí ti ṣá. Níwọ̀n ìgbà tí àwòrán tuntun kò sì gbé ẹ̀rọ síbi tó wà tẹ́lẹ̀, gbogbo àpá náà hàn síta. Ó di dandan ká pààrọ̀ ilẹ̀, ilẹ̀ ò sì sí nínú iye tí wọ́n kọ́kọ́ bù fún wa.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ iná. A to àwọn ẹ̀rọ tuntun, a ní kí àwọn ọmọ ibi iṣẹ́ gùn wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn ò tíì gbóná tí breaker (ohun tó ń gé iná tó bá pọ̀ jù) fi já. A tún un tàn, ó tún já. Oníná tó wá wò ó ló rí i: ẹni tó ṣe ilé náà nígbà àkọ́kọ́ fi wáyà neutral (èyí tí iná ń gbà padà) kan so ẹ̀rọ bíi mẹ́ta pọ̀. Àwọn ti tẹ́lẹ̀ ń fara dà á. Àwọn tuntun ò gbà. Olúkúlùkù fẹ́ neutral tiẹ̀, breaker tiẹ̀, ihò iná 20 amp tiẹ̀. Páìpù tó wà lábẹ́ kọnkéré ò sì gba wáyà sí i mọ́, la bá gé ilẹ̀. Eruku kọnkéré wọ gbogbo ẹ̀rọ tuntun náà kí ẹnikẹ́ni tó fẹsẹ̀ kàn wọ́n. Nígbà tí mo pe aṣojú àwọn olórúkọ tó ń bójú tó àdúgbò wa, ó ní ti ilé jẹ́ ọ̀rọ̀ èmi àti lánlọ́ọ̀dù. Lánlọ́ọ̀dù ní èmi ni mo gbé ẹ̀rọ wọlé. Èmi ni mo sanwó.

Ní ti irú ẹ̀rọ tí wọ́n yàn, àwọn olórúkọ ríran, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Wọ́n dín ẹ̀rọ ìsáré kù, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún irin, wọ́n sì tẹ́ koríko oníke. Àwọn obìnrin tó jẹ́ pé orí kẹ̀kẹ́ nìkan ni wọ́n ń jókòó sí ń tò sídìí ẹ̀rọ hip thrust, èyí tí wọ́n fi ń mú ìdí lágbára, báyìí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bínú. Bàbá ará Mẹ́síkò kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń tìtorí ẹ̀ wá láràárọ̀. Wọ́n gbé e lọ, òun náà lọ.

Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ńkọ́? Ohun tí àwọn tó ta tuntun fẹ́ gbà á padà kò tó owó ọkọ̀ tó máa gbé e. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń fi kọ̀ntéénà ránṣẹ́ sí Èkó ló kó wọn. Àwọn onírin tà kíákíá. Àwọn ẹ̀rọ ìsáré fa ọ̀rọ̀, torí iná 120 fóòtì ti Amẹ́ríkà ni wọ́n ń jẹ, oníbàárà tún gbọ́dọ̀ ra tiransifọ́mà mọ́ ọn.

Gbogbo owó yìí wá, ẹ ò lè tìtorí ẹ̀ gbé owó tí àwọn oníbàárà ń san lóṣù ga bó ṣe wù yín. Planet Fitness, ilé iṣẹ́ jíìmù ńlá kan, fi owó oṣù káàdì tó kéré jù sí 10 dọ́là láti 1998, ọdún 2024 ni wọ́n tó sọ ọ́ di 15 fún ẹni tuntun. Tí irú wọn bá wà nítòsí ibi tẹ́ ẹ wà, gbogbo ẹni tó bá wọlé tọ̀ yín wá mọ iye yẹn lórí.

Orúkọ náà kò sì sí lọ́wọ́ yín. Gold's Gym, ilé iṣẹ́ jíìmù ńlá mìíràn, wọ ilé ẹjọ́ gbèsè ní oṣù karùn-ún 2020. Kí oṣù keje tó parí, RSG Group ti Jámánì ti rà á ní 100 mílíọ̀nù dọ́là. Àwọn tó ní franchise ṣì ń ṣí ilẹ̀kùn wọn, àmọ́ olówó orí wọn ti yí padà, ẹnì kan ò bi wọ́n. Curves, jíìmù àwọn obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ ní Harlingen, ní Texas wa níbí, ní 1992, gbilẹ̀ ká ayé, ó sì rọ lulẹ̀ nígbà tí àwọn onítọ̀sán-tòru dé.

Tí wọ́n bá ní kí n fún un ní ìràwọ̀, mẹ́ta nínú márùn-ún ni. Ìbẹ̀rẹ̀ ló gba gbogbo ẹ̀. Ẹni tí kò ṣe okòwò rí lè rà á, tó bá lówó tó lè ra gbogbo ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó jẹ́ pé owó tó máa fi ṣílẹ̀kùn nìkan ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, kó má ṣe dédìí ẹ̀. Àwa báyìí, oṣooṣù là ń yọ owó ẹ̀rọ sọ́tọ̀ kí a tó san ohunkóhun fún ara wa. Ìyá Tòní ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Tẹ́ ẹ bá sì ti gba ìwé àlàyé wọn lọ́wọ́, ẹ ṣí Item 20. Nọ́ńbà fóònù àwọn tó fi franchise náà sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá wà níbẹ̀. Ẹ fi àwọn tí àwọn olórúkọ bá fúnra wọn fi hàn yín sílẹ̀ ná, àwọn tó lọ yẹn ni kẹ́ ẹ pè. Kí ẹ bi wọ́n léèyàn mélòó forúkọ sílẹ̀ kọ́ o. Ẹ bi wọ́n pé èló ni àtúnṣe gbà lọ́wọ́ wọn, ta ló sì dá ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí.