Ẹ ṣọ́ra fún kàpásítọ̀ yẹ́lò tí wọ́n ń gbé kiri Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ọ̀gá mi tó ń tún rédíò ṣe, ẹ̀yin tó ń kan sípíkà, ẹ̀yin tó ń ra páàtì fún ilé tàbí fún ilé ìjọsìn, ẹ dákun, ẹ ka èyí dópin. Ọkùnrin kan ń gbé páálí kàpásítọ̀, ìyẹn páàtì iná kékeré tó ń dí báàsì lọ́nà nínú sípíkà, kiri láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, láti Owódé títí dé Sábó níbí nílùú Ọ̀yọ́. Àwọn ará wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn náà. Ohun tó ń tà rí rogodo, ó sì yẹ́lò, wọ́n kọ "MKP 4.7µF 400V" sí i lára: MKP ni irú rẹ̀, µF ni ìwọ̀n rẹ̀, V sì ni fólítì tó lè gbà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà lọ̀kan. Irọ́ gbáà ni ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Mo fi bíléèdì la ọ̀kan lójú oníbàárà mi tó rà á. Èèpo lásán ni ike yẹ́lò yẹn. Gọ́ọ̀mù funfun ló kún inú rẹ̀, àárín gọ́ọ̀mù náà ni kàpásítọ̀ electrolytic dúdú kékeré wà, irú èyí tí kò tó igba náírà, pẹ̀lú ìlà mínọ́ọ̀sì lára rẹ̀ kedere. Wọ́n jó wáyà mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kó lè gùn.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára nìyí. Fíìmù polypropylene ni MKP gidi, kò ní póṣítíìfù, kò ní mínọ́ọ̀sì. Electrolytic tó ní ìlà mínọ́ọ̀sì kò fẹ́ kí iná gba ẹ̀yìn wọlé sí i, bẹ́ẹ̀ iná tó ń gbé ohùn jáde látinú ámpílífáyà ń lọ ó ń bọ̀ ni, láìdúró. Tí ẹ bá fi irú rẹ̀ sí kírọ́sófà, ìyẹn ibi tó ń pín ohùn nínú sípíkà, tí ẹ sì ń lù ú kíkankíkan, ó máa gbóná, ó máa wú, ó sì lè bẹ́. Tó bá wá ṣọ́ọ̀tì, gbogbo báàsì máa dà lu tuwítà, ìyẹn sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn tín-ín-rín jáde. Wáyà inú tuwítà tín-ín-rín bí irun orí. Kíá ló máa jó.

Iye tó wà lára rẹ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Lórí tuwítà 8 ohm, 4.7µF máa ń gé ohùn ní nǹkan bíi 4,200 Hz, ohùn tó bá lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá. Tó bá jẹ́ 10µF ni wọ́n fi pamọ́ síbẹ̀, ó máa já sí bíi 2,000 Hz, tuwítà á wá máa gbé ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ọkùnrin náà tún máa ń sọ fún yín pé MKP ni gbogbo kírọ́sófà gbọ́dọ̀ jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tuwítà ni MKP ti wúlò jù. MKT, ìyẹn polyester, kéré lára ó sì dínwó, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Electrolytic tí wọ́n kọ NP tàbí BP sí lára, ìyẹn èyí tí kò ní póṣítíìfù tàbí mínọ́ọ̀sì, náà wà fún sípíkà, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sípíkà ń lò ó, àmọ́ ó máa ń gbẹ bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Fún 47µF tàbí 100µF lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàsì, NP ti tó o jàre. MKP gidi tó jẹ́ 100µF máa kún ọwọ́ yín bámúbámú, nítorí náà tó bá mú kékeré wá, ẹ ti mọ̀. 400V yẹn náà, ẹ má torí rẹ̀ ra á: 100 watt lórí 8 ohm kì í kọjá 40V ní téńté rẹ̀.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé mítà lásán. Ó lè ka 4.7 gẹ́lẹ́, nítorí ó lè jẹ́ 4.7 ni wọ́n fi pamọ́ síbẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó bá ní LCR mítà, ìyẹn mítà tó ń yẹ kàpásítọ̀ wò, kó wo D, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń ṣòfò nínú rẹ̀, ní 1 kHz: MKP kì í tó 0.001, ti electrolytic sì máa ń lé ní 0.05 dáadáa. Ẹni tí kò bá sì lágbára MKP, kó ra 10µF méjì olówó pọ́ọ́kú, kó so mínọ́ọ̀sì mọ́ mínọ́ọ̀sì, 5µF tí kò ní póṣítíìfù ló máa dà.

Ẹni tó bá ti jó o mọ́ sípíkà mọ́ṣáláṣí tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó tún tan ámpílífáyà. Ọkùnrin náà kì í já rìsíìtì, kì í sì í padà sí ṣọ́ọ̀bù tó ti tà fún. Tó bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ní kó fi bíléèdì la ọ̀kan lójú yín kí ẹ tó tọwọ́ bọ àpò.