Ìwé Ìràwọ̀ Mẹ́ta: Èwo Ló Mọ Ojú Ọ̀run Àkúrẹ́?

Ẹni tó bá ń wá ìwé nípa ìràwọ̀ àti àṣírí ojú ọ̀run ní Àkúrẹ́, oríṣi mẹ́ta ló máa bá lórí àtẹ. Ìwé àwòrán ńlá wà, èyí tó wúwo bíi búlọ́ọ̀kù, tí ojú ewé rẹ̀ ń dán. Ìwé máàpù wà, tó ń sọ ìràwọ̀ tó yẹ kéèyàn wá lóṣooṣù. Ìwé àlàyé náà wà, tí àwòrán rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n tó ń sọ bí ìràwọ̀ ṣe ń wáyé, bó ṣe ń darúgbó, àti bí àwọn mìíràn ṣe ń bú gbàù. Owó ọwọ́ mi ni mo fi ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìwé máàpù ló jẹ mí lówó gbé, nítorí náà òun ni màá pẹ́ lé lórí jù.

Tòkunbọ̀ ni mo rà á, ₦6,500, lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń pàtẹ ìwé lẹ́bàá títì. Ó mọ́ tónítóní, ewé kan kò ya nínú rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó wà ní JSS 2 nígbà náà, ni mo torí ẹ̀ rà á. Ìràwọ̀ tó wù ú láti rí ni Betelgeuse, ìràwọ̀ pupa tó wà ní èjìká Orion, àkójọ ìràwọ̀ tí wọ́n ní ó jọ ọdẹ, nítorí ó ti gbọ́ pé ìràwọ̀ náà máa bú lọ́jọ́ kan. Ìwé ní kí a kọjú sí gúúsù, kí a gbójú sókè dé ìdajì ojú ọ̀run, a óò rí i. A jáde sí ẹ̀yìnkùlé ní Ọ̀bà-Ilé. Iná ti lọ, gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn biribiri, ó yẹ ká rí i. A kọjú sí gúúsù, a ò rí ohun tó jọ ọ́. Alẹ́ mẹ́ta la fi ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀fọn ń jẹ wá. Lálẹ́ kẹta, ọrùn ti ń ro ọmọ náà, ló bá tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó nà gbalaja. Kò pẹ́ tó fi kígbe pé: “Àǹtí mi, ẹ wá wò ó! Orí wa ló wà níbí!” Mo gbójú sókè. Ìràwọ̀ náà wà ní ọ̀gangan àtàrí mi, ó pọ́n bí ẹyin iná.

Ìwé náà kò parọ́. Ará London ni wọ́n kọ ọ́ fún. London wà ní bíi dìgírì 51 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Àkúrẹ́ wà ní dìgírì 7 àti díẹ̀. Ipa ọ̀nà Betelgeuse lójú ọ̀run náà jẹ́ dìgírì 7 àti díẹ̀ ní àríwá. Bó bá ti ga dé ibi tó lè ga dé, ará London á máa wò ó ní ìdajì ojú ọ̀run ní gúúsù, àmọ́ àtàrí àwa ló máa ń wà. Ní àárín oṣù Èrèlé, bíi agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ló máa ń débẹ̀. Ìlú tí irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gba orí rẹ̀ kọjá kò pọ̀ láyé, èmi sì ti sanwó fún ìwé tó ní kí n wo ibòmíràn.

Kò mọ síbẹ̀. Ìwé náà ní kí a fi Polaris, ìràwọ̀ àríwá, ṣe ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo nǹkan. Ní Àkúrẹ́, dìgírì 7 péré ni Polaris fi ga kúrò nílẹ̀. Òrùlé aládùúgbò àti igi máńgòrò ti bò ó, eruku ọyẹ́ á sì gba ìyókù. Lálẹ́ kẹta yẹn kan náà, ọmọ náà nawọ́ sí ìràwọ̀ funfun kan tó ń tàn yanran ní gúúsù, ó ní, “Èyí ń kọ́, Àǹtí?” Mo fi tọ́ọ̀ṣì tú ìwé náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, kò sí níbẹ̀. Canopus ni. Lẹ́yìn Sirius, òun ló mọ́lẹ̀ jù nínú gbogbo ìràwọ̀ òru, ṣùgbọ́n kì í yọ ní London rárá. Wọ́n tún fo Large Magellanic Cloud, ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tó jìnnà réré tó dà bí ìkùukùu, ibi tí wọ́n ti rí ìràwọ̀ SN 1987A tó bú, ní oṣù Èrèlé 1987. Ibẹ̀ náà máa ń yọ díẹ̀ lókè ilẹ̀ ní gúúsù tiwa.

Nítorí náà, kí ẹ tó yọ owó, ẹ wo etí máàpù inú ìwé náà. Wọ́n sábà máa ń kọ dìgírì tó wà fún síbẹ̀. Bó bá jẹ́ 40 tàbí 50 ní àríwá nìkan ni ẹ rí, ẹ dá a padà. Èyí tó ya ojú ọ̀run láti òpin àríwá dé òpin gúúsù ni tiwa. Bí ẹ ò bá rí dìgírì kankan, ẹ wá Canopus àti Southern Cross, àwọn ìràwọ̀ gúúsù tó tò bí àgbélébùú. Bí méjèèjì kò bá sí, ìwé àwọn ẹlòmíràn ni. Ẹ má wá Àgùàlà níbẹ̀ o. Ẹni tí àwọn àgbà ní ó ń bá oṣù rìn, tí wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni, plánẹ́ẹ̀tì Venus ni, kì í dúró sójú kan, máàpù tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé kò lè mú un.

Ọdún ìtẹ̀wé náà ṣe pàtàkì, pàápàá fún tòkunbọ̀. Bí ìwé bá sọ pé láti 1604 kò tíì sí ìràwọ̀ tó bú tí ojú lásán rí dáadáa, wọ́n ti kọ ọ́ kí SN 1987A tó yọ. Bó bá ka Pluto mọ́ plánẹ́ẹ̀tì ńlá, ó ti wà ṣáájú oṣù Ògún 2006, tí wọ́n yọ Pluto kúrò lára wọn.

Ìwé àwòrán ńlá: mo ra tèmi ní tuntun, owó rẹ̀ sì ga gan-an. Ó lẹ́wà, mi ò ní sọ pé kò lẹ́wà. Kí ẹ rí i pé ó ní àwòrán Webb, awò ńlá tí wọ́n fi ránṣẹ́ sójú sánmà ní 25 Oṣù Ọ̀pẹ 2021. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán kì í ju ìlà méjì lọ. Ọmọ ń béèrè pé kí ló mú un bú, ìwé ń sọ bó ṣe fẹ̀ tó. Ẹ má sì gba fọ́tòkọ́pì rẹ̀ láéláé. Dúdú lásán ni gbogbo rẹ̀ máa jẹ́.

Ìwé àlàyé ni wọ́n máa ń fojú fò lórí àtẹ, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ kò dán. Tèmi fi suuru sọ ọ́ pé ìràwọ̀ tó bá wúwo ju oòrùn wa lọ ní bíi ìlọ́po mẹ́jọ yóò máa jó ohun inú rẹ̀ títí ó fi kan irin. Irin kò ní agbára kankan tó lè fún un mọ́, ni inú ìràwọ̀ náà bá wó lulẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìta rẹ̀ sì fọ́n ká. Ó tún sọ ti ọ̀nà kejì tí ìràwọ̀ fi ń bú, ti ìràwọ̀ kékeré tó ti kú tán, tí kò gbọdọ̀ wúwo ju ìlọ́po 1.4 oòrùn wa lọ. Subrahmanyan Chandrasekhar, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Íńdíà, ló ṣírò èyí nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé e lọ sí England lọ́dún 1930. Nígbà tí mo ka ojú ewé yẹn sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi létí, ó gbé ọ̀bẹ ìdáná sókè, ó ní, “Irin yìí náà?” Bẹ́ẹ̀ ni. Irin ọ̀bẹ wa, irin tí wọ́n fi ń ṣọdún Ògún ní Oǹdó, àti èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, inú ìràwọ̀ ló ti wá. Irú àlàyé báyìí kò sì béèrè bóyá London lèèyàn ń gbé tàbí Àkúrẹ́.

Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ̀yìn ìwé tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ kì í fara da ooru wa, ẹ wá èyí tí wọ́n fi òwú rán. Ti ìwọ̀n, ìwé àwòrán kò ṣeé gbé jáde lálẹ́. Ti owó, ìwé àlàyé ló dínwó jù.

Ẹni tó fẹ́ ohun tí àlejò máa ṣí wò ní pálọ̀, ìwé àwòrán dára fún un. Ẹni tó ti mọ ìràwọ̀ díẹ̀, kó ra máàpù, bí dìgírì rẹ̀ bá bá wa mu. Ẹni tó fẹ́ mọ ìdí tí ìràwọ̀ fi ń bú, ìwé àlàyé ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ra tèmi, nítorí méjì ti bá àwọn tó yá a lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti wà ní SS 3 báyìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀kẹta wà.

Bó bá jẹ́ Èkó ni ẹ ti fẹ́ kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò ojú ewé mẹ́ta lórí WhatsApp: ojú ewé tí ọdún wà, máàpù kan pẹ̀lú etí rẹ̀, àti ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ Betelgeuse. Bí ìwé bá sọ bí ìràwọ̀ náà ṣe ṣókùnkùn lójijì ní ìparí 2019 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2020, tí àwọn kan rò pé ó fẹ́ bú, tó wá jẹ́ eruku tó tú jáde láti ara rẹ̀ ló bo ojú rẹ̀, ìwé náà kò tíì pẹ́. Ẹ sanwó.