Ṣílè Ọlọ́pẹ Tàbí Ṣílè Nàìjíríà Ọdún 1959: Èwo Ni Kí Ẹ Rà?

Ẹni tó bá ń wá ṣílè àtijọ́ rà ní Ìsàlẹ̀ Èkó yóò bá oríṣi méjì pàdé. Àkọ́kọ́ ni èyí tí mo ń pè ní ọlọ́pẹ nítorí odindi igi ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gáḿbíà jọ ná láyé ìjọba òyìnbó. Èkejì ni ṣílè tí wọ́n ṣe fún Nàìjíríà nìkan ní 1959, kí náírà tó dé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973, tí ṣílè mẹ́wàá sì di náírà kan.

Ohun tí wọ́n fi rọ ọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí ibẹ̀ ni owó mi ti wọlẹ̀. Fàdákà gidi ni ọlọ́pẹ tó jáde láti 1913, ṣùgbọ́n ní 1920 wọ́n fi idẹ rọ́pò rẹ̀, igi ọ̀pẹ kò sì yí padà. Mo ra ọ̀kan tó ń dán gbinrin, mo san owó fàdákà, láìka ọdún ara rẹ̀: 1936. Alágbẹ̀dẹ kan ní Múṣin rẹ́ etí rẹ̀ díẹ̀, idẹ sì yọjú. Wọ́n ti fi fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Òòfà kì í tú àṣírí yìí, nítorí kì í fa fàdákà, kì í sì í fa idẹ. Nítorí náà, ẹ ka ọdún rẹ̀ kí ẹ tó dúnàá dúrà, kí ẹ sì wo eyín etí rẹ̀ àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọba, níbi tí ìbòrí ti máa ń kọ́kọ́ ṣí.

Ní ti iye owó, ọlọ́pẹ fàdákà ló wọ́n jù.

Bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì ni ti 1959; kò sẹ́ni tó máa ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti fi fàdákà bò ó. Imọ̀ ọ̀pẹ méjì tó gbé ara wọn ní ìgbékọjá ló wà lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ Nàìjíríà sì yí i ká. Àwọn ẹbí rẹ̀, ìyẹn àwọn ẹyọ owó yòókù tí wọ́n jọ jáde, náà gbé irè oko wa: òwú wà lára tọ́rọ̀ (pẹ́nì mẹ́ta) onígun méjìlá, kòkó wà lára sísì (pẹ́nì mẹ́fà), ẹ̀pà sì wà lára ṣílè méjì.

Ẹni tó ń wá fàdákà ni kó ra ọlọ́pẹ tó ṣáájú 1920. Ẹni tó bá ń wá owó tó ń jẹ́ orúkọ wa, tí irè oko bàbá rẹ̀ wà lára rẹ̀, kó ra ti 1959. Òun nìkan ni mo ṣì ń kó jọ.