Àga ràtán oníke (ike tí wọ́n hun bíi pankẹ́rẹ́) fún bálíkóní ilé àyágbé: ṣé kí onílé rà á?

Fún ilé tí ayálégbé ń san owó ọdún, rárá. Wọ́n máa ń kó ẹrù tiwọn wá. Àga onílé á kàn di ohun tó ń fa ìjà lọ́jọ́ ìkójáde. Ilé short-let, èyí tí àlejò ń gbà fún ọjọ́ díẹ̀, ló nílò rẹ̀, àga méjì àti tábìlì kékeré kan sì ti tó.

Ràtán oníke lẹ́wà lójú, àmọ́ egungun inú rẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ẹ mú òòfà dání, irú tó wà lẹ́yìn sípíkà tó ti bàjẹ́: bó bá lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àga, irin ni. Ní Lẹ́kkí, atẹ́gùn oníyọ̀ á mú un dípẹtà láti inú ihò páìpù, níbi tí ọ̀dà ò dé. Alumíníọ̀mù wọ́n jù ú lọ, ṣùgbọ́n a fara mọ́ ọn.

Tìmùtìmù rẹ̀ ló burú jù. Fóòmù tó bá mu òjò á bu, á sì máa rùn. Ẹ ra èyí tó ní síìpù, kí aṣọ rẹ̀ ṣeé bọ́ fọ̀. Àga ike òde ìnáwó ńkọ́? Kò wọ́n, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá pa á pẹ́, á ṣá, ẹsẹ̀ rẹ̀ á là lójijì, àlejò á sì ṣubú.

Èyí tí ẹ bá rà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ kí àlejò tó wọlé.