Háípò oníwóró àti háípò gbígbẹ: èwo ni ká rà?

Háípò, ìyẹn sodium thiosulfate, ló ń jẹ́ kí àwòrán dúró lórí fíìmù àti pépà nínú yàrá òkùnkùn. John Herschel ló fi hàn lọ́dún 1819 pé ó ń yọ́ iyọ̀ fàdákà, ìyẹn èròjà orí fíìmù àti pépà tí ìmọ́lẹ̀ ń yí padà.

Ẹ wo ara ike kí ẹ tó sanwó. Bí wọ́n bá kọ pentahydrate, wóró tó ní omi nínú ni. Anhydrous jẹ́ lẹ́búlẹ́bú gbígbẹ tí kò lómi rárá. Nǹkan bíi 64% péré nínú ìwọ̀n oníwóró ni háípò gan-an, nítorí náà gíráàmù 160 gbígbẹ ń ṣiṣẹ́ gíráàmù 250 oníwóró. Ẹni tó bá kàn fi iye owó kílò kan wé kílò kan yóò ṣìnà.

Oníwóró máa ń mú omi tutù gan-an bó ṣe ń yọ́, nítorí náà omi tó gbóná díẹ̀ ló yẹ kí ẹ fi pò ó. Ẹ má sì gbé e sínú oòrùn: ní nǹkan bíi 48°C, á yọ́ sínú omi ara rẹ̀.

Gbígbẹ fúyẹ́ láti fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń fa ọ̀rinrin; ike rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé pinpin.

Ní tèmi, oníwóró ni. Òun ni ọ̀pọ̀ ìlànà àtijọ́ ń tọ́ka sí nígbà tí wọn kò bá dárúkọ oríṣi kankan.