Ẹ lọ sí Igbó Ọ̀ṣun lọ́jọ́ tí kò sí ọdún

Ilé wa ò jìnnà sí gáréèjì Ìwó Road n'Ìbàdàn. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ á mọ ohun tí mò ń wí: àgbèrò ń pe èrò, jẹnẹrétọ̀ ń dún, ẹni tó ń ta oògùn eku ti so ẹ̀rọ mọ́ ẹnu láti ìdájí. Ọjọ́rú kan ni mo sọ fún Màámi pé ká dé Òṣogbo, ká lọ wo Igbó Ọ̀ṣun, ká padà lálẹ́. Wọ́n ní, "Ilé òrìṣà? Èmi tí n kì í pa asalátù jẹ?" Mo ní wíwò lásán la ń lọ wò.

A gba Aṣéjìrè, Ìkirè àti Gbọ̀ngán kọjá. Dẹ́rẹ́bà ní òun á já wa sí Ọjà Ọba, ẹnu ìlú ló já wa sí, ó ní mọ́tò òun ò wọ ìgboro. A tún sanwó Márúwá. Ohun kan ṣoṣo tó bí mi nínú lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Ẹ má retí páàkì tí wọ́n gé koríko rẹ̀ bí orí sójà. Igbó ni, ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75. Bí ẹ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò ni ariwo títì ń kú lẹ́yìn yín. Àwọn ère ńlá ńlá jókòó sábẹ́ igi, àwọn mìíràn ti hu koríko wẹ́wẹ́ léjìká. Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger tó ti Austria wá ní 1950, òun àti àwọn ọmọ Òṣogbo ló ṣe wọ́n. Adébísí Àkànjí wà lára wọn, bíríkìlà tó sọ sìmẹ́ǹtì di iṣẹ́ ọnà. Ìjọba kéde igbó náà ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1965, UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Àwọn ère yẹn ló dá áàké dúró. Bí kì í bá ṣe tiwọn, ilé alájà ni à bá máa wò níbẹ̀ lónìí.

Bàbá tó ń mú wa kiri bẹ̀rẹ̀ ìtàn Làróòyè àti Olútìmẹ́yìn tó tẹ Òṣogbo dó. Kò tíì dé ibi tí igi wó sínú odò tí Màámi fi gbà á mọ́ ọn lẹ́nu, wọ́n ké bí Ọ̀ṣun ṣe ké: "Oṣó igbó, ẹ ti fọ́ ìkòkò aró mi tán!" Àwọn náà ló sọ bí ọba ṣe tẹ́wọ́ gba ẹja, tí wọ́n fi ń jẹ́ Àtáọ́ja. Ẹni tó ní òun ò wá!

Omi odò pọ́n bí ẹrẹ̀, ó sì dùn mí. Àwọn tó ń wa góòlù lókè odò ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Ẹ má bù ú mu o. Ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ kìlọ̀ ní 2022.

A jókòó sórí gbòǹgbò igi kan. Dòdò Ìkirè tí mo rà lọ́nà wà lórí itan mi nínú ewé, ó dúdú bí ọṣẹ. Ọ̀bọ kan rọra sọ̀ kalẹ̀, ó wò mí, ó wo dòdò, ó mú etí ewé náà, ó fà á bí ọmọ tó ń fa ìró ìyá ẹ̀. Kí n tó lanu, ó ti dórí ẹ̀ka. Màámi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà, ibi gbogbo pa rọ́rọ́ débi pé mo ń gbọ́ bí tẹ̀sùbáà wọn ṣe ń kọjá láàárín ìka. N ò rántí ìgbà tí mo gbọ́ irú ìró kékeré bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Oṣù Kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun. Ẹ lọ nígbà náà bí ẹ bá fẹ́ rí Arugbá, wúńdíá tó ń ru igbá Ọ̀ṣun, àti ìlù, ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbọ́ odò. Ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, láàárọ̀, pẹ̀lú bàtà tí kì í yọ̀ (sálúbàtà ni mo wọ̀, ẹ wo orúnkún mi) àti owó kéékèèké. Ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò ojúbọ. Nínú máàkì márùn-ún, mo fún un ní mẹ́rin ààbọ̀. Ààbọ̀ yòókù, ọ̀bọ ti jẹ ẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ la dórí afárá Aṣéjìrè. Màámi ní odò wo nìyí? Mo ní Ọ̀ṣun náà ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fa omi ẹ̀rọ tó ń wá s'Ìbàdàn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Háà. A jẹ́ pé mo ti ń mu ún kí n tó lọ kí i."